Kí ni kí n rà láti gba fídíò HD látorí tẹlifíṣọ̀n sínú kọ̀ǹpútà?

ỌmọLágere:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan fọ̀rọ̀ wá bàbá mi àtàwọn àgbà mìíràn lẹ́nu wò nípa ọdún Ọlọ́jọ́, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ ọdún gan-an làwọn máa gbé e jáde. Mo fẹ́ gba ètò yẹn sínú kọ̀ǹpútà kó mọ́ kedere, kí n sì gba ayẹyẹ ọjọ́ náà mọ́ ọn, látìgbà tí Ọọ̀ni bá ti dé adé Arè jáde títí wọ́n á fi dé Òkè-Mọ̀gún. Àwọn àbúrò mi tó wà lókè òkun ni ò jẹ́ n sinmi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n gbé fóònù kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Irú ẹ̀ ti pọ̀ nílé wa. Ìlà dúdú ló máa ń sáré kọjá lójú àwòrán, ariwo ọmọ àti ti adìyẹ á sì bo ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí: láptọ́ọ̀pù HP tọ̀kunbọ̀ kan, Core i5 ìran kẹrin, RAM 8GB, hard disk 500GB, kì í ṣe SSD. Dẹkódà tí à ń sanwó fún lóṣooṣù wà, ó ní ihò HDMI. Áńtẹ́nà wà lórí òrùlé. Ẹnìkan tó ń ta nǹkan kọ̀ǹpútà ní Lágere fi nǹkan kékeré kan tó jọ fíláàṣì hàn mí, wọ́n kọ 4K àti USB 3.0 sí i lára. Ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ní kí n má dá a lóhùn, kí n ra EasyCap, pé òun lòun fúnra òun ń lò. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì?

Ṣọ́lá_Sábo:
Fi EasyCap sílẹ̀ jàre. Ẹni tó ní kásẹ́ẹ̀tì VHS ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀, tó fẹ́ kó o sínú kọ̀ǹpútà, ni EasyCap wà fún. Wáyà yẹ́lò, pupa àti funfun yẹn ló ń gbà, àwòrán tó sì lè gba ibẹ̀ kọjá ò ju 720 sí 576 lọ. HD tó pé, 1920 sí 1080 ni. Ṣírò àwọn àmì kéékèèké inú àwòrán méjèèjì, wàá rí i pé ìlọ́po márùn-ún gééré ni ti HD. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ti dànù kí àwòrán bàbá tó wọ kọ̀ǹpútà.

ÒṣómàálóTuntun:
Mo ti gbé àga mi síbí. Èmi náà fẹ́ rà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí o, ẹ má dárúkọ ohun tó máa mú mi ta ilẹ̀.

BàbáRédíò_Iléṣà:
ỌmọLágere, o kú iṣẹ́, o sì kú ìfẹ́ bàbá rẹ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ dorí kodò. Ohun tó o fẹ́ rà lò ń béèrè, o ò tíì sọ ibi tí àwòrán ti ń bọ̀ fún wa. Ibi tí àwòrán ti ń bọ̀ ló máa yan ẹ̀rọ fún ọ, kì í ṣe òǹtajà. Látìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ti ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì lálẹ́ ni mo ti ń tún un ṣe nílùú Iléṣà yìí, títí dòní náà, àwọn èèyàn á ra ẹ̀rọ tán kí wọ́n tó wá béèrè ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ mi.

Jẹ́ ká mú un látorí áńtẹ́nà. DVB-T2 ni Nàìjíríà yàn fún tẹlifíṣọ̀n dígítà tó ń gba orí òpó wá. Tí ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbé ètò bàbá rẹ jáde bá wà lórí T2, tí wọn ò sì ti ìkànnì náà pa, o ò nílò capture card rárá, ìyẹn ẹ̀rọ bíi nǹkan tó jọ fíláàṣì yẹn, tó ń gba àwòrán tó ń jáde lára dẹkódà tàbí kámẹ́rà sínú kọ̀ǹpútà. Tuner lo nílò, ẹ̀rọ tí wọ́n ń so áńtẹ́nà mọ́ tààrà kí kọ̀ǹpútà lè gbọ́ ìkànnì. Hauppauge WinTV-dualHD wà, TBS 5520SE wà, USB ni méjèèjì, wọ́n sì gbọ́ T2 dáadáa. Tuner kì í ya àwòrán tuntun. Ilé iṣẹ́ ti fún àwòrán pọ̀ kó tó gun orí òpó, bó ṣe wà lójú afẹ́fẹ́ gan-an ni tuner á ṣe gbé e sórí disk rẹ, fáìlì .ts ni wàá bá níbẹ̀. Kò sí ohun tó dín nínú ẹ̀. Láptọ́ọ̀pù náà ò ní làágùn, nítorí kò ṣe ju kó máa kọ ohun tó ń gbà sílẹ̀ lọ. Ìkànnì tó bá ń lo mẹ́gábíìtì 8 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, wákàtí kan rẹ̀ á gba 3.6GB. Disk 500GB tó o ní á gba Ọlọ́jọ́ ọ̀pọ̀ ọdún.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ra fún àwọn tuner kéékèèké tó ń lo chip RTL2832U nìkan. DVB-T àtijọ́ ni wọ́n gbọ́, wọn ò gbọ́ T2. Òǹtajà á búra fún ọ pé dígítà ni, òótọ́ ló sì sọ. O máa gbé e délé, wàá wá ìkànnì títí ilẹ̀ á fi ṣú, òfo.

Tó bá jẹ́ orí dẹkódà tó ò ń sanwó fún ni ètò náà ti máa wá, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. HDMI tó ń jáde lára dẹkódà yẹn ní àgádágodo tí wọ́n ń pè ní HDCP, ilé iṣẹ́ Intel ló ṣe é. Tẹlifíṣọ̀n ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ìyẹn lo fi ń rí àwòrán. Capture card ò ní in. So dẹkódà mọ́ capture card, ojú dúdú ló máa fi wò ọ́, tàbí kó kọ ọ́ sójú pé àwòrán náà wà lábẹ́ ààbò. Káàdì ò bàjẹ́. Elgato ni o, AVerMedia ni o, Blackmagic ni o, ẹ̀yà kan náà ni gbogbo wọn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tí òǹtajà bá ní kó o mú tọwọ́ rẹ wá kó o fowó lé e fún èyí tó wọ́n jù, àpò rẹ ló ń wò.

Ọ̀nà kan wà láyé àtijọ́ o. Component, wáyà mẹ́ta aláwọ̀ ewé, búlúù àti pupa. HDCP kì í gun orí ẹ̀. Ní 2008, Hauppauge gbé ẹ̀rọ HD PVR jáde, ó ń gba component títí dé 1080i (HD tí ìlà àwòrán rẹ̀ ń wá ní ìdajì-ìdajì), ó sì ń fún un pọ̀ sí H.264 fúnra rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ gidi ni. Ó ṣì wà lọ́jà tọ̀kunbọ̀. Ṣùgbọ́n wo ẹ̀yìn dẹkódà ìsinsìnyí, bóyá wàá rí ihò component kankan níbẹ̀. Wọ́n ti yọ ọ́.

Sátẹ́láìtì ọ̀fẹ́ náà ní tirẹ̀: DVB-S2, TBS 5927 á ṣe é, o kàn nílò díìṣì. Bí áńtẹ́nà ló ṣe rí, bó ṣe wà ló máa gbà á.

Torí náà, dá wa lóhùn: áńtẹ́nà ni àbí dẹkódà?

Jíbọ́lá_ÒǹdóRóòdù:
Bàbá, ẹ ti dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Splitter kékeré kan wà lọ́jà, tí wọ́n bá fi í sáàárín, àgádágodo yẹn á jábọ́. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é.

BàbáRédíò_Iléṣà:
Jíbọ́lá, mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé Copyright Act 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, kò fàyè gba kí èèyàn máa já ààbò tí wọ́n fi sí iṣẹ́ oníṣẹ́. Ọmọ tó fẹ́ tọ́jú ohùn bàbá rẹ̀ ò ní ohun tó ń fi ìyẹn ṣe, nígbà tí ọ̀nà tó mọ́ wà nílẹ̀. Má jẹ̀ẹ́ ká gbé e débí mọ́.

Ẹni tó bá ṣáà fẹ́ tún ètò wò nílé, dẹkódà tó ní disk nínú, irú DStv Explora, máa ń gbà á sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú rẹ̀ náà ló máa wà, kò ní jáde wá sínú kọ̀ǹpútà.

Jíbọ́lá_ÒǹdóRóòdù:
Mo ti gbọ́, bàbá. Ẹ má bínú.

Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n ỌmọLágere, ẹ jẹ́ n sọ ti nǹkan tó jọ fíláàṣì yẹn, nítorí ó pọ̀ lọ́wọ́ wa lọ́gbà OAU, a fi ń so kámẹ́rà mọ́ láptọ́ọ̀pù.

Kì í ṣe ohun burúkú. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára ló burú. Chip tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn ni MS2109. Ó ń gba 4K wọlé lóòótọ́, àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n 1080p ló ń fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. 4K tí wọ́n kọ sára páálí, ẹnu ọ̀nà ló parí sí. Ti USB 3.0 yẹn ńkọ́? USB 2.0 ni. Wọ́n kàn fi ike búlúù sí ẹnu ẹ̀ ni.

Ẹ wo ìdí tí ìyẹn fi ṣe pàtàkì. Àwòrán 1920 sí 1080 kan, tí àmì kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ń gba báìtì 2, tí 25 irú ẹ̀ sì ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, á tó 104MB ní ìṣẹ́jú-àáyá. USB 2.0 ò ju 60MB lọ lórí ìwé, kì í sì í sábà ju 40 lọ tó bá dójú ẹ̀. Ẹrù ọ̀hún ò gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Chip náà á wá fún àwòrán pọ̀ sí MJPEG kó tó lè ráyè wọlé. Tẹ́ ẹ bá ní kó má fún un pọ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni àwòrán á máa yí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tó bá jẹ́ 1080, ẹni tó ń jó á wá dà bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn.

MJPEG yẹn ò kúkú burú fún ọ̀rọ̀ ẹnu, irú tibàbá. Ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn bá ti pọ̀ tí aṣọ aláràbarà ń yí, irú Ọlọ́jọ́, ẹ máa rí i tí àwòrán ń pín wẹ́wẹ́ létí gèlè àti létí fìlà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ 3.0 gidi: ẹ wo inú ẹnu USB náà. Ti 2.0 ní irin pẹlẹbẹ mẹ́rin. Ti 3.0 ní mẹ́rin yẹn, ó tún ní márùn-ún kéékèèké mìíràn sínú lọ́hùn-ún. Búlúù láìsí márùn-ún yẹn, ayédèrú ni. Tẹ́ ẹ bá ní Linux lórí fíláàṣì, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi ẹ̀rọ náà sí i, ẹ tẹ lsusb -t. Tó bá kọ 480M, ẹ dá a padà fún wọn. 5000M lẹ̀ ń wá. Èyí tí wọ́n fi MS2130 ṣe nínú àwọn tówó wọn ò ga jù jẹ́ 3.0 tòótọ́.

Ẹ wo láptọ́ọ̀pù tiyín náà. Kì í ṣe gbogbo ihò ara HP ló jẹ́ 3.0. Èyí tó ní àmì SS lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni.

ỌmọLágere:
Àbúrò, o ṣeun púpọ̀. Bàbá wa, ẹ ṣé, ẹ jẹ́ n dáhùn: ilé iṣẹ́ náà ń wọlé sórí áńtẹ́nà, ó tún wà lórí dẹkódà. Orí dẹkódà la ti máa ń wò ó torí áńtẹ́nà máa ń ṣe wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀ tí òjò bá rọ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kò sí lábẹ́ títì lórí T2 kí n tó lọ náwó sórí tuner?

ÌyáAfídíò_Iléṣà:
Ẹ jẹ́ kí bàbá dáhùn ìyẹn. Èmi fẹ́ bá ẹni tó ń lo capture card sọ̀rọ̀, torí ẹlòmíràn á ka ìwé yìí tó jẹ́ pé kámẹ́rà lòun fẹ́ so. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, Ìwúde Ìjẹ̀ṣà lọ́dọọdún, fídíò ni mo fi ń jẹun.

Kámẹ́rà kò ní wàhálà HDCP. Ẹ kàn rí i pé HDMI rẹ̀ lè jáde láìsí ìkọ̀wé àti àmì bátìrì lójú àwòrán. Ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó rà á. Kámẹ́rà kan wà tí kò gbà kẹ́ ẹ pa ìkọ̀wé yẹn rẹ́, gbogbo àlejò ló máa mọ ìgbà tí bátìrì yín fẹ́ kú.

Cam Link 4K ti Elgato wà lọ́wọ́ mi. Mo ní èyí tó jọ fíláàṣì náà, ó wà nínú báàgì fún ọjọ́ tí èkíní bá ní ìṣòro. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, mi ò ní purọ́ fún yín. Tí Elgato bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́, mi ò tún rántí rẹ̀ mọ́ títí ìyàwó á fi gé àkàrà òyìnbó. Èkejì, mo máa ń fọwọ́ kàn án ní gbogbo ìgbà, nítorí ó máa ń gbóná. Tó bá gbóná kọjá àlà, àwòrán á dá dúró, ohùn á máa lọ. Mo máa ń fi okùn USB kúkúrú fà á kúrò lára láptọ́ọ̀pù kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Ẹ má fi sábẹ́ ìrọ̀rí àga o. Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohùn náà nìyí: ọ̀pọ̀ MS2109 máa ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ohùn òun jẹ́ mono ní 96kHz, bẹ́ẹ̀ stereo 48kHz ló wà nínú rẹ̀. Ibi tí ẹlòmíràn ti ń ní ohùn òun dàrú nìyẹn. Tọ́rọ̀ àgbà ni ẹ fẹ́ tọ́jú, ẹ dán ohùn wò kẹ́ ẹ tó dán àwòrán wò. Àwòrán tó ṣú díẹ̀, ọmọ á ṣì mọ̀ pé bàbá òun nìyẹn. Ohùn tó fọ́, ó ti tán.

Ohun kejì tí wọn kì í sọ fún yín ní ṣọ́ọ̀bù: 25 tàbí 50 ni iye àwòrán ìṣẹ́jú-àáyá lórí tẹlifíṣọ̀n tiwa, ìlànà PAL la ti ń lò látilẹ̀. OBS, sọ́fítíwia tí a fi ń gba fídíò sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, máa ń wá pẹ̀lú 30 tàbí 60. Ẹ lọ síbi Video nínú Settings, ẹ yí i sí 25 tàbí 50. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ ní 30, ẹ wo ìkọ̀wé tó ń sáré nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, ẹ máa rí i tó ń kọsẹ̀, tó ń kọsẹ̀. Tí àwòrán náà bá jẹ́ 1080i, tí ìlà bíi eyín òòyà ń hàn létí ohun tó ń rìn, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máùsì tẹ orúkọ ẹ̀rọ náà nínú OBS, ẹ wá Deinterlacing, ẹ mú Yadif 2x.

Ìkẹta ni iná. Mi ò ní pa á mọ́ fún yín, kò sí ìmọ̀ràn kankan nínú gbogbo èyí tó tó o. Ẹ má jẹ́ kí OBS kọ fáìlì yín sí MP4. Ẹ fi sí MKV. MP4 gbọ́dọ̀ parí dáadáa kó tó ṣí. Tí iná bá lọ, tí bátìrì láptọ́ọ̀pù tọ̀kunbọ̀ náà sì ti kú tipẹ́, wákàtí méjì tẹ́ ẹ gbà ti di fáìlì tí kò ṣe é ṣí. MKV, ibi tí iná ti lọ ló máa dá dúró, ohun tó ti wà níwájú ìyẹn wà níbẹ̀ digbí. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, OBS fúnra rẹ̀ á sọ ọ́ di MP4 fún yín, Remux Recordings ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í gba àkókò. Ẹ rántí pé láptọ́ọ̀pù nìkan kọ́ ló ń lo iná: dẹkódà àti tẹlifíṣọ̀n náà gbọ́dọ̀ wà lórí ínfátà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, láptọ́ọ̀pù á máa gba òkùnkùn sílẹ̀.

ÒṣómàálóTuntun:
Ìyá wa, ẹ ṣeun. Desktop lèmi ní, kò sí láptọ́ọ̀pù. Ṣé USB náà ni?

Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀:
USB á ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí ihò PCIe bá ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀, Blackmagic Intensity Pro 4K fún kámẹ́rà, tàbí káàdì TBS tó ń wọ inú fún áńtẹ́nà. Ẹ kọ́kọ́ tú ìdérí rẹ̀, kẹ́ ẹ wo gígùn ihò náà. Intensity nílò èyí tó gùn tó x4, ihò pínníṣín x1 ò gbà á. Ẹ má gbàgbé disk náà: tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba àwòrán tí wọn ò fún pọ̀, 104MB ní ìṣẹ́jú-àáyá á da hard disk àtijọ́ láàmú, SSD ló lè gbé e. Tẹ́ ẹ bá ń fún un pọ̀ bó ṣe ń wọlé, hard disk tó.

Ẹ̀gbọ́n ỌmọLágere, tó bá padà di capture card fún yín lọ́jọ́ iwájú, i5 ìran kẹrin ní Quick Sync, apá kan nínú chip tó wà fún fífún fídíò pọ̀. Intel ti ń fi í sínú chip wọn láti ìran kejì ní 2011. Tẹ́ ẹ bá rí i nínú OBS, ẹ mú un, kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà làágùn. Tí kò bá jáde, ẹ lo x264, sọ́fítíwia tó ń fún fídíò pọ̀, ẹ fi sí veryfast.

BàbáRédíò_Iléṣà:
ỌmọLágere, ìdáhùn rẹ wà nínú pálọ̀. Tẹlifíṣọ̀n rẹ, ṣé ó ní T2 nínú? Wo ìwé rẹ̀, tàbí sítíkà tó wà lára rẹ̀. Tó bá ní in, yọ áńtẹ́nà, fi sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n tààrà, láìgba inú àpótí kankan. Wá ìkànnì. Tí ilé iṣẹ́ yẹn bá jáde, tí àwòrán wà tí ohùn wà, tuner kọ̀ǹpútà náà á rí i. Tí orúkọ bá jáde tí àwòrán ò jáde, tí wọ́n kọ pé ó wà lábẹ́ títì, má ra tuner. Ọdún 2018 ni wọ́n gbé ìyípadà sí dígítà dé ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, pẹ̀lú àpótí FreeTV, àpótí tirẹ̀ ló sì mọ ohun tó lè ṣí.

Ṣọ́ra kó o má ka ìkànnì analog sí T2. Tẹlifíṣọ̀n máa ń pín wọn sọ́tọ̀ fún ọ níbi tó ti ń wá ìkànnì. Analog ò ní HD láéláé.

Nígbà tó o bá wà níbẹ̀, wo ihò USB ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà. Tẹlifíṣọ̀n mìíràn máa ń gba ètò sórí fíláàṣì. Ó dára, àmọ́ àwọn kan nínú wọn máa ń ti fáìlì náà mọ́ ara wọn, tó o bá gbé fíláàṣì lọ síbòmíràn kò ní ṣí.

Èyí tó tiẹ̀ rọrùn jù nìyí, mo fẹ́ kó o dì í mú: àpótí T2 kékeré tí kì í gba owó oṣù, irú èyí tí wọ́n ń tà kiri, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ihò USB níwájú, bọ́tìnnì pupa sì wà lórí rìmóòtù wọn fún gbígba ètò. Fi fíláàṣì tàbí hard disk sí i, tẹ bọ́tìnnì pupa. Fáìlì .ts náà ló máa kọ, bí tuner ṣe máa kọ ọ́ gẹ́lẹ́, kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ ní wà níbẹ̀. VLC, sọ́fítíwia tí wọ́n fi ń wo fídíò, á ṣí i. Owó ẹ̀ ò tó ti capture card tí wọ́n fẹ́ tà fún ọ yẹn. Mo mọ̀ pé kọ̀ǹpútà lo wá béèrè, ṣùgbọ́n ètò bàbá rẹ lo fẹ́.

Ṣọ́lá_Sábo:
Ẹ fún bàbá lómi tútù.

Kí n fi kan kún un. Lọ bá ilé iṣẹ́ náà fúnra wọn. Ẹni tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ni bàbá rẹ, kì í ṣe ohun tó burú tó o bá ní kí wọ́n fún ìdílé ní ẹ̀dà. Gbé fíláàṣì 32GB lọ, kó o ti sọ ọ́ di exFAT láti ilé, torí FAT32 kì í gba fáìlì kan tó ju 4GB lọ, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn dá ọ padà. Ohun tó bá wá látọ̀dọ̀ wọn, kò tíì gun orí òpó rárá, ó mọ́ ju ohunkóhun tó o lè gbà nílé lọ. Fi ẹ̀rọ gba ayẹyẹ náà, ètò tibàbá, lọ tọrọ rẹ̀.

ÌyáAfídíò_Iléṣà:
Òótọ́ ni. Ẹ mú bàbá fúnra rẹ̀ lọ. Wọn kì í lé àgbà padà lẹ́nu ọ̀nà.

ỌmọLágere:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun o. Mo ti yọ áńtẹ́nà, mo fi sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n bí bàbá ṣe wí. Ìkànnì náà jáde lábẹ́ dígítà, àwòrán wà, ohùn wà, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó ṣì ń já díẹ̀díẹ̀. Àpótí T2 oníhò USB ni mo fẹ́ mú, kí n fowó tó kù ra hard disk kékeré sí i. Ti ilé iṣẹ́ náà, bàbá ti ní òun mọ ẹni tóun máa bá sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè méjì ló kù. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá HD ni wọ́n fi ń gbé e jáde lóòótọ́? Tí mo bá sì gbà á tán, báwo ni mo ṣe máa gé ìpolówó ọjà kúrò nínú rẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́ sókè òkun?

Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀:
Ẹ gba ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí fíláàṣì, ẹ ṣí i nínú VLC, ẹ tẹ Ctrl àti J pa pọ̀. Ó máa kọ ìwọ̀n àwòrán náà síbẹ̀. 1920 sí 1080 tàbí 1280 sí 720, HD ni. 720 sí 576, ìyẹn kì í ṣe HD, kò sì sí ẹ̀rọ kankan láyé yìí tó máa sọ ọ́ di HD fún yín, iye yòówù kẹ́ ẹ rà á.

Fún gígé, ẹ lo sọ́fítíwia LosslessCut. Ó ń gé e láìtún un fún pọ̀, ohun tó kù á wà bó ṣe wà. Tọ́jú èyí tó tóbi sórí hard disk. Èyí tó ń lọ sókè òkun, ẹ gba inú HandBrake, sọ́fítíwia tó ń fún fídíò pọ̀, kọjá kó lè fúyẹ́, kẹ́ ẹ sì mú 25 níbi iye àwòrán o, ẹ má jẹ́ kó yí i sí 30.

BàbáRédíò_Iléṣà:
Tí àwòrán bá ṣì ń já, àpótí tuntun kọ́ ló máa wò ó sàn. Tọpa wáyà áńtẹ́nà rẹ láti òrùlé wá sínú ilé. Ibikíbi tí wọ́n bá ti so wáyà méjì pọ̀ tí wọ́n fi téèpù dúdú wé e, tú u wò. Tí bàbà inú rẹ̀ bá ti dúdú tàbí tó ti ní àwọ̀ ewé, omi òjò ti wọ̀ ọ́, gé e kúrò. Ra wáyà 75 ohm kan ṣoṣo tó gùn tó, kó lọ tààrà láìní ìsopọ̀ kankan láàárín. Kó o tó sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé, ní kí ẹnìkan dúró ti tẹlifíṣọ̀n, kó ṣí ibi tó ń fi agbára àti ìmọ́tónítóní ìgbì hàn, kó máa pè ọ́ bó o ṣe ń yí áńtẹ́nà díẹ̀díẹ̀. Ìmọ́tónítóní yẹn ni kó o máa wò, kì í ṣe agbára. Ṣe é nígbà tí oòrùn bá wà, kó o tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí Ọlọ́jọ́ tó wọlé.